Òkúta Lẹ́sẹ̀ Lámilámi

Níbi tí wọ́n ti gbẹ́ yangí títí ilẹ̀ fi jin kòtò,
òjò oṣù mẹ́ta ló wá fi omi dí i.
Kòtò Kunjambu ni wọ́n ń pè é lábúlé,
nítorí Kunjambu ló ni ilẹ̀, òun ló sì kó owó yangí lọ.
Omi nìkan ni kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọlé.

Mo jókòó létí rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ,
ìwé lórí orúnkún, pẹ́ńsù lẹ́nu.
Lámilámi pupa bí ata ṣọ̀mbọ̀ bà sórí eèsún,
ó na ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbalaja
bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn.
Ó fò, ó yí, ó padà síbi kan náà,
bí onílé tó lọ wo ẹnu ọ̀nà.

Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ,
ó pa ìyẹ́ pọ̀ sẹ́yìn bí ẹni pa ìwé dé.
Ojú tirẹ̀ jìnnà síra, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀.
Èdè mi kò fún un lórúkọ tirẹ̀.
Lámilámi náà ni à ń pè é, àbúrò tó ń wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n.
Mo kọ "tẹ́ẹ́rẹ́" sí i, mo fa ìlà méje.

Ẹ wo ọ̀kan tó ń lá omi:
ó fi ìdí kan omi, tó, ó gbéra; tó, ó gbéra.
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.
Kò mọ̀ pé ẹyin ló ń fi pamọ́.

Chirutha dé pẹ̀lú garawa aṣọ.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́tí sí nǹkan.
Ó ní mélòó ni mo kà lónìí.
Mo ní ogójì ó lé mẹ́ta.
Ó ní, "O ò ka ti abẹ́ omi."
Ó fi ìka hàn mí: èèpo gbígbẹ lára eèsún,
ẹ̀yìn rẹ̀ là, inú rẹ̀ ṣófo, ó ṣì di koríko mú.
Ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ lóru.
Nínú ẹrẹ̀ ló ti ń jẹ ìdin ẹ̀fọn àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ látọjọ́ yìí,
kò sẹ́ni tó kí i.

Lódìkejì, Sumesh ọmọ ọmọ rẹ̀ ti mú ọ̀kan.
Ó di ìyẹ́ mú, ó gbé òkúta wẹ́wẹ́ kan sún mọ́ ọn.
Lámilámi na ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gbá òkúta mọ́ àyà.
Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́: "Gbé e! Gbé e!"
Eré àtijọ́ ni lápá Kannur;
bàbá wọn ṣe é, ìyá wọn ṣe é.

Chirutha gbé garawa kalẹ̀.
Mo rò pé yóò pariwo.
Ó rọra yí etí kòtò ká,
ó gba òkúta náà lẹ́sẹ̀ kòkòrò,
bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ọmọ.
"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí," ó ní, "tí mo ń ru yangí
láti ìsàlẹ̀ yẹn," ó nawọ́ sí àárín omi,
"méjì méjì, lórí òṣùká.
Ọkùnrin kan jókòó létí níbí, ó ń kà á sínú ìwé."

Sumesh wo omi. Ó la ìka.

Lámilámi kò lọ lójú ẹsẹ̀.
Ó dúró lórí àtàǹpàkò ọmọ náà, ó ń gbọn ìyẹ́,
bí ẹni tó gbàgbé pé òun fúyẹ́.
Nígbà tí mo ṣẹ́jú, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Chirutha so òkúta wẹ́wẹ́ náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀,
ó lọ fọ aṣọ.
Mo ṣí ìwé. Mo fẹ́ kọ ogójì ó lé mẹ́rin.
N kò mọ̀ bóyá mo ti kà á tẹ́lẹ̀.